Ta Ló Nà Án?

Ọkọ mi, Jùbrílù, kò lè rí eléré ìdárayá tó borí tán tó tún ń sunkún, kó má sọ̀rọ̀. Bí a bá jókòó ti tẹlifíṣọ̀n, tí ẹnì kan gba góòlù, tó kúnlẹ̀, tó bojú, tí omi ń dà ní ojú rẹ̀, Jùbrílù á nàka sí i, á ní, "Ta ló nà án? Ẹ ṣáà bi í kó sọ fún wa, ta ló nà án?" Èmi á ní kó jẹ́ kí n gbọ́ràn. Kò ní jẹ́. Gbogbo àdúgbò wa ní Ṣàrẹ́ ló mọ ọ̀rọ̀ yìí mọ́ ọn lẹ́nu.

Jannat, ọmọ wa kan ṣoṣo, ni Ọlọ́run wá fi ẹsẹ̀ eré jíǹkí. Ọmọ yìí ò mọ̀ ọ́n rìn. Bí mo bá rán an ní iyọ̀, n kì í tíì jókòó dáadáa tó fi ń dé. Tíṣà Kolo ló ń kọ́ wọn ní eré ìdárayá nílé-ìwé. Ọmọ Nupe ni, ṣùgbọ́n Yorùbá ẹnu rẹ̀ dùn ju tèmi lọ. Òun ló wá sọ fún wa pé ibì kan wà ní Ìlọrin tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn sárésáré, wọ́n sì fẹ́ gba Jannat síbẹ̀. Bàbá rẹ̀ fajú ro. Ó ní ìdíje àwọn ilé-ìwé ń bọ̀ ní Òmù-Àrán. Bí Jannat bá gba ipò kìíní, kó máa lọ sí Ìlọrin. Bí kò bá gbà á, kó bọ́ bàtà eré sílẹ̀, kó tẹ̀lé Àsàmáù, ẹ̀gbọ́n òun, lọ sí Ìsánlú-Ìsin lọ kọ́ iṣẹ́ ìránṣọ.

"Bó o bá sì borí," ó fi kún un, "ẹ̀rín ni kó o rín. N ò fẹ́ ká máa rí ọ lórí fóònù kiri tó ò ń ṣomi lójú."

Lọ́jọ́ ìdíje, àárọ̀ kùtù ni Àsàmáù ti dé. Ìyá Ìsánlú là ń pè é. Ó ní òun wá mú akẹ́kọ̀ọ́ òun. Ó tilẹ̀ ti bá Jannat di aṣọ sínú báàgì, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà. Inú bí mi débi pé mo bu ọbẹ̀ fún un láìfi ẹran sí i.

Jùbrílù ní tòun, oko lòun ń lọ. Kò lọ síbì kankan. Ó ń gbé fóònù káàkiri àgbàlá, ó ń wá ibi tí nẹ́tíwọ̀kì wà. Mo bi í, ó ní ojú ọjọ́ lòun ń wò.

A kí ìrun àìlà tán ni fóònù dún. Àtẹ̀jíṣẹ́ Tíṣà Kolo ni. Kò sí àmì ohùn kankan lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ta ló tiẹ̀ ń fi àmì sí ọ̀rọ̀ lórí fóònù? Ohun tó kọ ni pé: *Ekun ni! Ekun gidi! Jannat yin ree o. A n bo.*

Jùbrílù kà á síta. "Ẹkún ni. Ẹkún gidi. Jannat yín rèé o. A ń bọ̀."

Ìyá Ìsánlú ká ọwọ́ lérí. "Yéè! Ọmọ mi ò rí i gbà!" Obìnrin tó wá mú un lọ kọ́ṣẹ́ ló kọ́kọ́ bú sẹ́kún! Èmi náà tẹ̀lé e. Nígbà tí mo máa gbójú sókè, ọkọ mi ti dìde. Ẹ̀yìn ilé ni mo ti bá a, ó kọjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń mì. Mo ní kí ló dé, ó ní eruku kó sóun lójú. Òjò ti rọ̀ dáadáa láàárọ̀ ọjọ́ náà. Eruku wo?

Ibẹ̀ la wà tí a fi gbọ́ fèrè ọ̀kadà. Jannat sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn Tíṣà Kolo, híjáàbù rẹ̀ bò ó dé orúnkún, ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì wú. Ó rí bí gbogbo wa ṣe ń sunkún, ó dúró gbagidi.

"Ta ló kú?"

Jùbrílù ti sáré lọ bá a. Mo ní ó sáré o, ọkùnrin tí n kò rí kó sáré láti ọjọ́ ìgbéyàwó wa! Ó dì mọ́ ọmọ rẹ̀.

"Ó tó, ọmọ mi. Nu ojú ẹ. Bó o borí, bó ò borí, Ìlọrin lò ń lọ. Ọ̀rọ̀ ìránṣọ ti tán. Ẹ̀gbọ́n mi á wá ọmọ mìíràn kọ́."

"Bàbá mi, kí lẹ ń sọ?"

Jannat ti ọwọ́ bọ abẹ́ híjáàbù, ó fa mẹ́dáàlì yọ. Góòlù ni! Ó ní ibẹ̀ lòun fi í pa mọ́ sí kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ lórí ọ̀kadà. Mo figbe ta débi pé àwọn adìyẹ tú ká. Alhamdulillahi!

Jùbrílù kọjú sí Tíṣà Kolo. "Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi kọ ọ́ pé ẹkún ni?"

"Èmi kẹ̀? Ẹkùn ni mo kọ! Ẹkùn!"

"Ẹkùn inú igbó?"

"Èwo ló tún kù? Àwọn yòókù ò rí ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ!"

Ìyá Ìsánlú rẹ́rìn-ín títí gèlè fi bọ́ lórí rẹ̀. Èmi ò tíì gbà. Mo ní, "Jannat, ojú ẹ tó wú wá ńkọ́?"

Ó dorí kodò. "Ẹ má bínú, Bàbá mi. Mo rántí pé ẹ̀rín lẹ ní kí n rín. Mo lanu láti rín in, ẹkún ló jáde. Mo sì gbìyànjú, kò dá."

"Láti Òmù-Àrán délé," Tíṣà Kolo ní. Ó kẹ̀yìn sí wa kí a lè rí i. Ẹ̀yìn ẹ̀wù rẹ̀ tutù rinrin.

Jùbrílù gba mẹ́dáàlì náà, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́. A mọ̀ pé ó fẹ́ bá a wí. Ó lanu, ló bá jókòó lórí báàgì tí wọ́n gbé sẹ́nu ọ̀nà, ó sì ké bí ọmọdé, lójú gbogbo wa, láìwá ògiri kọjú sí.

Jannat kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó fi etí híjáàbù nu ojú rẹ̀, ó fajú ro bí ẹni tí kò ṣàwàdà rí.

"Bàbá mi," ó ní, "ta ló nà yín?"