Ìṣẹ́kù Àgbo Ṣáínà Lóríta Ṣọ́ọ̀ṣì

...kí wọ́n ṣáà má ṣí àwo náà. Bí wọn kò bá ṣí i, ó lè jẹ́ pé... rárá, wọn yóò ṣí i. Màmá Àìná kò gbé àwo tánganran wá láti ilé rẹ̀, kó fi aṣọ funfun bò ó, kó gbé e sí ìsàlẹ̀ pẹpẹ lọ́jọ́ Ìsinmi, kó wá gbé e padà sílé láìṣí. Gbogbo ìjọ ló ń na ọrùn. Èmi nìkan ni mo ń wo ilẹ̀.

Mo mọ ohun tó wà níbẹ̀. Èmi ni mo dà á nù.

Rọra, Ọlátúndé. Ẹ́dímásítà kì í làágùn nínú ọyẹ́. Fa áńkáṣíìfù yọ — má fà á yọ, Monísọ́lá yóò rí òógùn náà. Ó jókòó tì mí pẹ́kípẹ́kí, ìyàwó mi, ó di ìwé orin mú, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Ó dára bẹ́ẹ̀. Kó má wò mí.

"Ẹnì kan nínú ìlú Ìkẹ́rẹ́ yìí ti gbé ẹbọ síwájú ilé Ọlọ́run!" Bí Alùfáà Ìbíkúnlé ṣe pariwo rẹ̀ nìyẹn lẹ́ẹ̀kan, tí àwọn ẹyẹ inú àjà fi fò jáde.

Ẹbọ kọ́. Àgbo ni. Ìṣẹ́kù àgbo lásán, ewé àti egbò tí a ti sè tán. Kí n dìde kí n sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ̀yin ará, ẹ fara balẹ̀, kì í ṣe ẹbọ, oògùn kíndìnrín mi ni. Wọn á ní, áà, ẹ pẹ̀lẹ́, Ọ̀gá, kí ló ṣe kíndìnrín yín? Màmá Àìná á sì ní — nítorí obìnrin yẹn kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ó lọ — oògùn kíndìnrín wo ní ń lo ìwo àgbọ̀nrín?

Kíndìnrín kọ́ ni, ìwọ náà mọ̀. O ń parọ́ fún ara rẹ nínú ilé Ọlọ́run. Láti ìgbà tí mo ti gbé Monísọ́lá wọlé, n kò tíì lè ṣe ojúṣe ọkọ. Ó tán. Mo ti sọ ọ́. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ara mi kò ní í dá mi lóhùn mọ́. Mo pè é, kò jẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́, ó dákẹ́ bí ọmọ tó jí ẹ̀pà jẹ.

Lọ́la ló sì ń lọ sí Emùré. "Bàbá Rẹ̀mí, mo fẹ́ lọ wo ìyá mi. Bóyá mo máa pẹ́ díẹ̀." Ó rọra sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó ń ká aṣọ. Mo ní kò burú. Àfi ìgbà tí mo dé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tí mo rí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ tí wọ́n ti fi okùn dì. Ta ní ń gbé ẹ̀rọ ìránṣọ lọ kí ìyá rẹ̀? Ìyá náà ò ní aṣọ ni? Bó bá gbé ẹ̀rọ yẹn dé Emùré, kò ní í gbé e padà. Obìnrin kì í ru irin lójú títì lẹ́ẹ̀mejì.

Ládépọ̀ ló kó mi sí i.

Kì í ṣe pé mo ń dá a lẹ́bi. Ọ̀rẹ́ mi ni, láti ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni. Ìjọba rán an lọ sí Ṣáínà pé kó lọ kọ́ iṣẹ́ ìrẹsì, ó padà dé pẹ̀lú èdè wọn lẹ́nu. Òun ló ní dókítà wọn kan wà ní Àkúrẹ́, tó yá ilé kan, tó ń fi egbò àti abẹ́rẹ́ wo ènìyàn. Ó ní òun á bá mi túmọ̀. Ohun tí n kò rò ni pé ohùn Ládépọ̀ dà bí agogo ilé ẹ̀kọ́, kò mọ bí wọ́n ṣe ń rọra sọ̀rọ̀ ní èdè kankan. Yàrá kò ní ilẹ̀kùn, aṣọ ni wọ́n ta. Àwọn ènìyàn jókòó lẹ́yìn aṣọ lọ rẹrẹ.

"Ó ń béèrè pé bó o bá jí láàárọ̀, ṣé òun náà máa ń jí pẹ̀lú ẹ?"

Mo ní, "Rọra, Ládépọ̀."

"Ó ní rọra kì í ṣe ìdáhùn!"

Ẹnì kan wúkọ́ lẹ́yìn aṣọ. Wúkọ́ kẹ̀? Ẹ̀rín ni.

Ó ní kí n yọ ahọ́n. Èmi tí mo ń na ọmọ tó bá yọ ahọ́n sí àgbà, mo yọ ọ́, dókítà náà, bàbá kúkúrú kan, tẹ̀ síwájú, ó wò ó bí ẹni ń wo àwòrán ilẹ̀. Ó gbé ìka lé ọrùn ọwọ́ mi ọ̀tún, ó dijú. Ó bọ́ sí ti òsì, ó pẹ́ débi pé mo rò pé ó ti sùn. Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀. Ó sọ ọ́ gùn, ó ń fi ọwọ́ kan àyà ara rẹ̀, ó ń wo ojú mi, kì í ṣe ojú Ládépọ̀. Ládépọ̀ yíjú sí mi: "Ó ní kíndìnrín ẹ tutù."

Gbogbo ọ̀rọ̀ gígùn yẹn?

"Àwọn gbà pé inú kíndìnrín ni iná ọkùnrin wà. Tìẹ ti rẹlẹ̀. Àwọn á kóná mọ́ ọn." Ó tún sọ kiní kan nípa ẹ̀dọ̀fóró nígbà tí a ń bọ̀ nínú mọ́tò — n kò fetí sí i. Kí ló kan ẹ̀dọ̀fóró? Èmi kì í wúkọ́.

Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín bí irun. Dókítà gún un sí ìsàlẹ̀ orúnkún mi. Ó gún un sí ẹ̀gbẹ́ ọrùn ẹsẹ̀. Mo ní, "Ládépọ̀, jọ̀ọ́, bá mi bi í, ṣé ó dá a lójú pé ó gbọ́ ohun tí mo wá fún?" Ó wá tanná sí ewé gbígbẹ kan tí wọ́n ká bí sìgá, ó ń fi í yí ìsàlẹ̀ ìdodo mi ká láìfi kan ara, títí ibẹ̀ fi gbóná bí ilé ìdáná ìyá mi lọ́jọ́ ọdún. Ó dùn mọ́ mi, n kò ní í purọ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn lọ.

Ó sì di egbò fún mi. Kí n fi ìkòkò amọ̀ sè é, kì í ṣe ti irin. Kí n má mu omi tútù. Mo sọ fún Monísọ́lá pé àgbo ibà ni. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó ní, "Ibà yìí mà pẹ́ o, Bàbá Rẹ̀mí." Ó lọ.

Ìṣẹ́kù ńkọ́? Ìyẹn ni mo bi Ládépọ̀. Ìyẹn ni mi ò bá má bi í. Ládépọ̀ ní, "Ojú ọ̀nà ni wọ́n ń dà á sí lọ́dọ̀ wọn. Ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá ni yóò gbé àrùn náà lọ. Mo fojú mi rí i."

Mo sì gbà! Èmi, tí wọ́n bí sí Ìkẹ́rẹ́, tí mo mọ̀ láti kékeré pé ẹni tó bá da nǹkan sí oríta ní ìdájí, a kì í bi í pé kí ló dà. Òdìkejì ọ̀nà là ń bọ́ sí. Èmi tí mo dúró níwájú àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí mo ka òfin ìjọba sójà sí wọn létí pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ da pàǹtí sí ìgboro! Mo rò pé ibi tí ẹsẹ̀ bá ti pọ̀ jù ni àrùn yóò ti tètè lọ. Ibo ni ẹsẹ̀ ti pọ̀? Oríta ṣọ́ọ̀ṣì, lọ́jọ́ ọjà. Mo fi ọpọlọ tí wọ́n fi ń kọ́ni ní ìṣirò ro ó. Mo dà á, mo gbọn ìkòkò, mo wọlé lọ gbàdúrà òwúrọ̀.

Ẹsẹ̀ ta ló wá kọ́kọ́ kàn án? Màmá Àìná. Opó. Ìyá arúgbó tó ti ní ọmọ-ọmọ-ọmọ. Bí ó bá jẹ́ òótọ́ ni pé ẹsẹ̀ ń gbé e lọ, Olúwa, kí ni màmá yóò fi àìsàn ọkùnrin ṣe?

"Ẹ gbà mí o! Mo ti ulé mi bọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, mo fẹ́ lọ ra uṣu, mo bá tẹ ọmọ ènìyàn mọ́lẹ̀!" A gbọ́ igbe rẹ̀ títí dé ilé wa. Ọmọ ènìyàn wo? Egbò ni. Egbò kan tó ní apá, tó ní ẹsẹ̀; bí Ọlọ́run ṣe dá a lọ́hùn-ún nìyẹn, kò sẹ́ni tó gbẹ́ ẹ. Ẹja kékeré kan náà wà níbẹ̀, ó gbẹ, orí rẹ̀ rí bí ti ẹṣin, ìrù rẹ̀ ká bí ti alágẹmọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, àwọn kan ti ń sọ ọ́ kiri pé alágẹmọ elórí ẹṣin ni, pé ó ṣẹ́jú sí àwọn. Ó ṣẹ́jú! Lẹ́yìn tí mo ti sè é lẹ́ẹ̀mejì!

Àdúrà tí Alùfáà Ìbíkúnlé sì gbà ṣáájú orin yìí... "Ẹni tó gbé e síbẹ̀, ohun tó ń wá, kó má rí i! Agbára rẹ̀, kó di omi!" Gbogbo ìjọ fi ẹsẹ̀ kilẹ̀, wọ́n ní àmín. Mo ṣe àmín. Kí ni kí n ṣe? Alága ìgbìmọ̀ ìjọ ni mí. Mo ṣe é sókè pàápàá, kí wọ́n má fura. Gbogbo iṣẹ́ tí ará Ṣáínà ṣe sí mi lára, mo fi ẹnu ara mi wó o palẹ̀.

Bó bá jẹ́ Àbẹ̀kẹ́, ìyá Rẹ̀mí tó ti dolóògbé, ló jókòó tì mí ni, ìbá ti já mi léèékánná nítan... Má ronú kàn án. Ibi tí Monísọ́lá wà yìí gan-an ló máa ń jókòó. Ìwàásù yóò gùn, yóò já mi léèékánná, èmi yóò máa wo àjà kí n má bàa rẹ́rìn-ín. Mo sọ pé kí n má ronú kàn án. Inú ilé ni mo máa ń kí i, ó tó bẹ́ẹ̀. Fọ́tò rẹ̀ wà lára ògiri lọ́kánkán ibùsùn, nínú aṣọ funfun Ẹgbẹ́ Àwọn Ìyá, Bíbélì lọ́wọ́, ojú rẹ̀ lé mi tààrà. Kí n tó pa àtùpà, mo máa ní, "Ó dàárọ̀ o, Àbẹ̀kẹ́." Monísọ́lá á fa aṣọ borí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó bẹ̀ mí nígbà kan pé, "Bàbá Rẹ̀mí, ẹ jẹ́ ká gbé ìyálé mi lọ sí pálọ̀, kí àlejò lè máa rí wọn." Mo bú mọ́ ọn. N kò tíì bú mọ́ ọn rí ṣáájú ìgbà náà. Kò tún sọ ọ́ mọ́.

Wọ́n ti ṣí àwo náà.

Áà! Gbogbo ìjọ mí lẹ́ẹ̀kan náà. Èso pupa wẹ́wẹ́ inú àgbo náà ṣì ń dán. Alùfáà fi igi gbé egbò náà sókè, ó na apá rẹ̀ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ kí ìjọ... Ọlọ́run mi. Monísọ́lá ti tẹ orí ba. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ń sunkún. Ẹ̀rù ti bà á. Ẹ wo ohun tí mo ṣe sí ọmọ ọlọ́mọ, ó fẹ́ mi, kò jèrè nǹkan kan lára mi, ó tún wá ń sunkún nílé ìjọsìn nítorí ìdọ̀tí ìkòkò mi. Kí n fọwọ́ kàn án? Kí n —

Kò sunkún.

Ó ti ti etí ìwé orin bọnu, ó ń gé e jẹ. Omijé wà lójú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀... Ẹ̀rín ni. Monísọ́lá ń rẹ́rìn-ín. Ó wo egbò náà, ó wò mí, ó tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ó mọ̀. Báwo ló ṣe — ìkòkò amọ̀. Ta ló ń fọ ìkòkò amọ̀ náà? N kò bi ara mi rí. Mo máa ń gbé e sílẹ̀ ni, n ó sì bá a ní fífọ̀. Òun ló ń fọ ọ́, tó ń já àwọn èso pupa yẹn kúrò lára rẹ̀. "Ibà yìí mà pẹ́ o." Kì í ṣe pé kò mọ̀. Àwàdà ló ń bá mi ṣe, kí n lè sọ̀rọ̀. Èmi ńkọ́? Mo mu àgbo mi, mo kí fọ́tò mi, mo sùn.

Nǹkan kan ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ àyà mi. Ikọ́ ni? Èmi kì í wúkọ́. Kì í ṣe ikọ́. Mo di ẹnu mú, ó gba imú jáde. Mo ń rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ tí a ti sin Àbẹ̀kẹ́... ibo ni ẹ̀rín yìí wà láti ọjọ́ yìí? Ó ń dùn mí ní egungun ìhà bí ẹsẹ̀ tí a ká sábẹ́ ìjókòó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ nà. Àwọn tó wà lẹ́yìn yóò rò pé Ẹ̀mí ló bà lé wa, tọkọtaya.

Ẹ̀dọ̀fóró. Mo rántí rẹ̀ báyìí. Ládépọ̀ yọ orí sẹ́yìn nínú mọ́tò, ó pariwo bó ṣe máa ń ṣe: "Ó ní ẹ̀dọ̀fóró ni ìyá kíndìnrín. Ibẹ̀ ni ìbànújẹ́ ń gbé. Ó ní bí ìyá bá ń ṣọ̀fọ̀, ta ni yóò bọ́ ọmọ? Ó ń béèrè pé ta lo sin." Mo ní kó máa wo ọ̀nà.

Àbẹ̀kẹ́, ìwọ kọ́ lo dè mí. Èmi ni mo gbé ọ síbẹ̀. Ta ni yóò lè ṣe nǹkan kan lójú Ẹgbẹ́ Àwọn Ìyá? Ìwọ gan-an ìbá ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tipẹ́. Wàá lọ sí pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ńlá, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ máa rí ọ. Èmi ni n ó gbé ọ fúnra mi, bí a bá ti délé. N ó kí ọ níbẹ̀ láàárọ̀.

Ẹ̀rọ ìránṣọ náà ṣì wà nínú okùn lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bóyá yóò gbé e lọ lọ́la, bóyá kò ní í gbé e. N ó bi í. Ìyẹn gan-an ni n kò tíì ṣe: kí n bi í.

Alùfáà ń wò mí. Sáàmù. Èmi ni n ó ka sáàmù ìdáàbòbò. Dìde, Ọlátúndé. Monísọ́lá ti ki áńkáṣíìfù rẹ̀ bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ti tutù fún omijé ẹ̀rín, ìka rẹ̀ sì pẹ́ díẹ̀ nínú ọwọ́ mi kó tó yọ ọ́. Ọwọ́ mi gbóná. Mo mí sínú, ó dé ìsàlẹ̀.

Mo ń kọjá níwájú ìjókòó àkọ́kọ́. Màmá Àìná ti dijú, ó fa ojú ro, ó gbé ẹsẹ̀ tó fi tẹ egbò náà sókè díẹ̀ kúrò nílẹ̀. Màmá, ẹ forí jì mí. Ó jọ pé ẹ ti gbé àrùn náà lọ lóòótọ́. Ẹ má ṣe da ara yín láàmú, ẹ kò ní í fi ṣe ohunkóhun.