Ẹ Dúpẹ́, Kẹ́ Ẹ Jókòó

Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ Bàbá Ìlérí, ọkọ mi, nínú ọkọ̀ lórí freeway lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé yẹn: tí wọ́n bá ti dárúkọ rẹ̀, kó dúpẹ́, kó jókòó. Ó ní òun gbọ́.

Noah ni orúkọ rẹ̀. Erékùṣù kékeré kan ní Karibíà ni wọ́n ti bí i. Iṣẹ́ ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì níbí ní Houston, àmọ́ òṣèlú ilé ni kì í jẹ́ kó sùn. Àtìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ló ti wà nínú ẹgbẹ́ alátakò, wọn ò sì fi í ṣe olórí rí títí irun rẹ̀ fi funfun. Ní báyìí wọ́n fẹ́ yan olórí tuntun. Ìbò àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó wà ní Houston nìkan ló kù, ẹni tí wọ́n bá sì mú ni gbogbo ẹ̀ka yòókù máa tẹ̀ lé. Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Missouri City, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Houston, la ti fẹ́ dì í. Bí a ṣe wọlé ni wọ́n ti ń pè é ní Líídà. Èmi àti òun mọ̀ pé bí èyí bá bọ́, ó bọ́ nìyẹn.

Helen, alága wọn, dìde láti dárúkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu obìnrin yẹn! Ó ní nígbà ìdìbò tó kọjá ní erékùṣù wọn, ìbò tí ìjọba kà ní àdúgbò àwọn apẹja ju iye èèyàn tó forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ lọ.

"Olè ni wọ́n!" ni Helen wí.

Gbogbo ilé hó yèè. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Àfi bí mo ṣe rí i tí ọkọ mi nawọ́ sókè. Mo fà á láṣọ, ó dìde.

"Helen, iye àtijọ́ lo lò. Èèyàn ti pọ̀ sí i níbẹ̀. Wọn ò jí ìbò yẹn. Wọ́n nà wá ni."

Ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Ta ni bàbá yìí tiẹ̀ ń bá ṣiṣẹ́?" Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n dárúkọ Helen náà, nígbà tí wọ́n sì dìbò, òun ni wọ́n mú. Ìyá mi máa ń wí pé òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ọkọ mi ni yóò máa pàtẹ rẹ̀.

Tí inú bá bí mi, Yorùbá ni mo fi ń jà. Bí a ṣe wọnú ọkọ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀. "Bàbá Ìlérí, kí ni mo ní kẹ́ ẹ ṣe? Mo ní kẹ́ ẹ dúpẹ́, kẹ́ ẹ jókòó! Ta ló bi yín? Ṣé ẹ ò mọ̀ pé ẹ̀yin ni wọn ì bá mú ni?"

Ó ti bá mi gbé pẹ́, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì fèsì pé òun mọ̀, àmọ́ iye yẹn ò tọ̀nà. Mo sunkún ìbínú títí a fi dé ilé ní Rosenberg.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, Helen pè é. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú fóònù. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí rédíò erékùṣù wọn, kí Noah jọ̀ọ́ bá òun yẹ gbogbo iye tí òun fẹ́ kà wò, torí kò sí ẹlòmíràn tí òun lè fọkàn tán.

Wọ́n fọkàn tán an! Wọn ò kàn lè dìbò fún un ni. Mo nawọ́ kí n gba fóònù, torí mo ní èsì fún Helen, àmọ́ ọkọ mi ti ní kò burú. Inú rẹ̀ tiẹ̀ ń dùn. Ó ti fa àga, ó ń tú orí tábìlì kiri.

"Oyin, níbo ni mo fi awò ojú mi sí?"

Orí rẹ̀ ló wà. Mi ò sọ fún un.