Eyín Méjì Tí Fidencio Fi Pamọ́

Ahọ́n Fidencio ò yéé lọ síbi eyín méjì tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó ń tì wọ́n, ó ń fà wọ́n, bí ẹni tó ń yẹ ilẹ̀kùn wò bóyá ó tì dáadáa. Marisela, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ló nà sórí àga níwájú rẹ̀, ó la ẹnu sílẹ̀ fún dókítà. Òní ni wọ́n máa ri ìṣó irin kékeré méjì bọ eegun òkè ẹnu rẹ̀, kí wọ́n lè gbé eyín lé wọn lórí.

Látìgbà tí eyín ọmọdé ti yọ lẹ́nu rẹ̀ ni àlàfo méjì ti wà níwájú, tí eyín àgbà ò sì hù síbẹ̀. Wọ́n ní kó dúró dìgbà tí eegun rẹ̀ bá gbó. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, gbogbo àdúgbò wọn ní Atlixco ló wá bá wọn jó, àmọ́ kò sí fọ́tò kan tó ti la ẹnu rẹ́rìn-ín.

Dókítà Rebollar gbé fọ́tò eegun ẹnu rẹ̀ síwájú iná mànàmáná. "Àwọn eyín náà ò sí nínú eegun rẹ̀ látìgbà tí ẹ ti bí i. Ta ló tún ní irú ẹnu yìí nínú ẹbí?"

Ahọ́n Fidencio tún lọ síbi eyín méjì náà.

"Èmi ni mo fà á, Dókítà," ni Obdulia, ìyàwó rẹ̀, wí, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. "Oyún ẹ̀ ló wà nínú mi lọ́dún tí òṣùpá bo oòrùn lọ́sàn-án. Mo jáde lọ ká aṣọ, mi ò fi pínnì sáyà bí aboyún ṣe ń ṣe kí òṣùpá má bàa pa ọmọ inú lára. Òṣùpá bá jẹ ọmọ mi lẹ́nu. Ìyá ọkọ mi kìlọ̀ fún mi, mi ò gbọ́ ni."

Ọ̀rọ̀ yìí ni ìyá Fidencio ń sọ níwájú àlejò àti nídìí oúnjẹ títí tó fi kú, tí Obdulia á sì máa bu ọbẹ̀ fún un. Bẹ́ẹ̀, ìyá yìí kan náà ló mú Fidencio lọ sí Puebla nígbà èwe rẹ̀, kí wọ́n ṣe eyín sí àlàfo méjì tí wọ́n bí mọ́ ọn, tó sì kọ́ ọ pé kó máa sọ pé ẹṣin ló ta òun nípàá lẹ́nu. Ẹṣin wo? Wọn ò sin ẹṣin rí. Ojú tì í nígbà tó ń fẹ́yàwó, ojú tún tì í nígbà tí ọmọ dé, nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ jù.

"Mama, òṣùpá kì í jẹ eyín," dókítà rọra sọ. "Inú ẹ̀jẹ̀ ló ti ń wá."

"Ẹ̀jẹ̀ tèmi náà nìyẹn," ni Obdulia wí.

Ara Fidencio ò gbà á mọ́. Ó ki ìka bọ ẹnu, ó yọ eyín náà, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́.

"Ẹ̀jẹ̀ mi ni," ó ní, afẹ́fẹ́ ń gba àlàfo jáde. "Kò sí ẹṣin kankan. Bí wọ́n ṣe bí mi nìyí."

Marisela gbórí sókè. "Bàbá, ẹ wá ń wò mí tí mò ń fọwọ́ bo ẹnu?"

Obdulia ò pariwo. Eyín tó ń bu omi sí kọ́ọ̀bù fún lálaalẹ́ ló ń wò.

"Bàbá Marisela, ẹ rántí gbogbo ìgbà tí ẹ ń bẹ̀ mí pé ká tún bí òmíràn?"

Fidencio mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ara mi ni mò ń bẹ̀rù tí mo fi kọ̀," ni Obdulia wí.

Dókítà ní kí wọ́n jáde kóun lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ńṣì tó wà lẹ́nu ọ̀nà, Fidencio ní ìpẹ̀kun kan, Obdulia ní ìkejì. Eyín náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò dá a padà sẹ́nu. Ó wo àyè tó wà láàárín wọn. Àyè náà gba ọmọ kan sí i dáadáa.