Òǹtẹ̀ Tí Wọ́n Lù Mọ́ Fáìlì Mi

Kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n rọ́ àlá kan fún yín, ẹ̀yin tí a jọ ń tọ́jú àwọn tí ìrònú dà lọ́kàn rú. Oorun ọ̀sán Sátidé ló gbé e wá. Ẹ mọ̀ pé ó ti pé oṣù mẹ́ta tí ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀ọ̀dá Akíndélé, kú. Ọjọ́ kẹta ni mo padà sẹ́nu iṣẹ́, n kò sunkún rárá. Ẹ tilẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún mi, ẹ ní akin obìnrin ni mí.

Lójú àlá, mo lọ gba ẹkún mi padà ní Ilé-iṣẹ́ Ìdàgbàsókè Ọkàn. Òfuurufú ni ọ́fíìsì náà léfòó sí. Okùn tí wọ́n fi ń sá aṣọ ni wọ́n fi so ó mọ́ igi máńgòrò kan, mo sì gun okùn náà dé ẹnu ọ̀nà wọn. Kò yà mí lẹ́nu.

Akọ̀wé kan ń fi téèpù télọ̀ wọn ọkàn àwọn èèyàn. Ẹni tí tirẹ̀ bá fi íǹṣì kan tóbi sí i, wọ́n á dé e ní fìlà, wọ́n á ní ó ti dàgbà. Gbogbo fìlà náà ló bo àwọn tó dé e lójú.

Akọ̀wé bi mí pé, "Ṣé àlàáfíà lẹ wà?"

Mo ní, "A dúpẹ́."

Ó lu òǹtẹ̀ mọ́ fáìlì mi: ARA TI YÁ. "Ẹ máa lọ sílé."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹkún mi ni mo wá gbà."

"Ẹni tó dúpẹ́ kò ní ẹkún níbí."

Àga tí mo jókòó lé bú sẹ́rìn-ín. Àga ọ́fíìsì mi gan-an ni, èyí tí àwọn aláìsàn mi ń jókòó lé. Ó ní, "Ọdún mẹ́sàn-án lo ti ń sọ fún wọn lórí mi pé kí wọ́n má fi 'a dúpẹ́' bo egbò mọ́lẹ̀. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀ lóòótọ́."

Mo ní kí wọ́n pe ọ̀gá. Ọ̀gá dé, ó ní, "Màdáámù, ẹ mí sínú, ẹ mí síta." Òun náà mí síta lẹ́ẹ̀kẹta, ó bá di òbúkọ, táì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ní "mẹ̀ẹ̀," àwọn òṣìṣẹ́ sì sáré kọ ọ́ sílẹ̀ bí ìmọ̀ràn. Mo kúnlẹ̀ kí i, nítorí ọ̀gá ni ọ̀gá ń jẹ́. Ó gba fáìlì mi, ó ń jẹ ẹ́. Mo rí orúkọ Bọ̀ọ̀dá mi lára ìwé tó wà lẹ́nu rẹ̀.

Ó gbójú sókè. "Ṣé kò sí nǹkan o?"

"A dúpẹ́, sà."

Ó gbé orúkọ náà mì.

Mo jí. Òbúkọ onílé wa wà ní bárándà tí mo sùn sí, ó ń jẹ ìwé ètò ìsìnkú Bọ̀ọ̀dá mi, èyí tí èmi aláìlójútì fi ń lé eṣinṣin láti oṣù mẹ́ta. Ìyá Dùnmádé, aládùúgbò mi, ń kọjá lọ.

"Àǹtí Abíọ́nà, ṣé dáadáa lẹ jí?"

"A dúpẹ́, mà."

Ó ti kọjá kànga iwájú ilé wa kí n tó pè é padà. "Ẹ dúró ná, mà. Irọ́ ni mo pa."

Ó padà wá, ó já ìwé náà gbà lẹ́nu òbúkọ, ó jókòó tì mí. Àwòrán ojú Bọ̀ọ̀dá mi nìkan ló ṣẹ́kù lára ìwé náà. Mo sunkún títí ohùn mi fi há.

Ó yá, ẹ bẹ̀rẹ̀ ìpàdé yín. Ẹ kàn má pàtẹ́wọ́ fún mi mọ́.