Ọjọ́ Tí Bàbá Kọ̀ Láti Wẹ̀

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Ìyá Ilé ti fi ń tọ́jú àwọn arúgbó kí ìjọba tó rántí pé kò ní ìwé-ẹ̀rí. Lẹ́tà tí wọ́n kọ sí i kò gùn. Ẹnikẹ́ni tó bá ń darí ilé ìtọ́jú àwọn àgbà gbọ́dọ̀ kẹ́kọ̀ọ́ fún oṣù mẹ́ta, kó ṣe ìdánwò inú ìwé, kó sì fi iṣẹ́ han olùyẹ̀wò lójúkojú. Àìjẹ́bẹ́ẹ̀, wọn á ti ilé náà pa.

"Èmi tí mo ti wẹ àgbà tó ọgọ́rùn-ún," ló wí, "ta ló fẹ́ kọ́ mi ní ìwẹ̀?"

Síbẹ̀, ó lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ló fìdí rẹmi nínú ìdánwò inú ìwé. Kì í ṣe pé kò mọ iṣẹ́, ó mọ̀ ọ́n jù ni. Wọ́n bi í pé, bí àgbà kan bá kọ̀ láti lo oògùn, kí ni olùtọ́jú á kọ́kọ́ ṣe? Ó kọ ọ́ pé òun á sọ fún un pé àkọ́bí rẹ̀ ń bọ̀ wá kí i, kò sì yẹ kó bá a lórí àìsàn. Irọ́ ni, àmọ́ irọ́ náà kì í tàsé. Olùkọ́ fa igi pupa gbọọrọ lé e lórí.

Tíṣà Àgbà tó ń gbé yàrá kejì ló wá gba ọ̀rọ̀ náà kanrí. Ogójì ọdún ló fi kọ́ ọmọ níwèé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló rọ, ẹnu rẹ̀ ò rọ. Lójoojúmọ́, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, á ní kí Ìyá Ilé jókòó síwájú òun, àwọn àgbà yòókù á sì yí wọn ká bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù.

"Kí ni ẹ̀tọ́ àkọ́kọ́ tí àgbà ní?"

"Kó jẹun lásìkò."

"Irọ́. Kó lè sọ pé òun ò ṣe ni."

"Tíṣà, bí gbogbo yín bá ní ẹ ò ṣe, ta ni á wẹ̀?"

"Ìyẹn ò sí nínú ìdánwò. Tún un kà."

Lẹ́ẹ̀kẹta, ó yege, bó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ ló kù kó já bọ́. Ó wá ku ìdánwò ojúkojú.

Gbogbo ilé gbìmọ̀ pọ̀. Ìyá Arẹ́rìn-ín ni wọ́n fẹ́ fi síwájú olùyẹ̀wò, torí kò wúwo, kò sì sí ohun téèyàn ní kó ṣe tí kò ní fi ẹ̀rín gbà. Ẹni tí wọ́n ń sá fún ni Bàbá Má-fọwọ́-kàn-mí, tó ti wa ọkọ̀ akẹ́rù láyé ọjọ́un. Wọ́n ti Bàbá mọ́ yàrá ẹ̀yìn pẹ̀lú rédíò rẹ̀, wọ́n sì ra bátìrì tuntun sí i kó má baà wá ẹnikẹ́ni.

Olùyẹ̀wò dé, obìnrin kan tí bàtà rẹ̀ kì í dún. Ó kí Ìyá Arẹ́rìn-ín, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

"Ta ló ń gbọ́ rédíò yẹn?"

"Ẹnì kan ni," Ìyá Ilé dáhùn.

"Òun ni kẹ́ ẹ wẹ̀ fún."

Ìyá Ilé gbé omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, ó kan ilẹ̀kùn, olùyẹ̀wò sì dúró tì í. Láti ọjọ́ tó ti mọ Bàbá, kò bi í rí bóyá ó gbà. Ọ̀rọ̀ táyà ló máa ń dá sílẹ̀, kí Bàbá tó sọ̀rọ̀ táyà tán, ọṣẹ á ti dé orí rẹ̀.

"Bàbá, ẹ káàárọ̀. Mo fẹ́ wẹ̀ fún yín. Ṣé ẹ gbà?"

"Mi ò gbà."

"Omi ti gbóná."

"Kó tutù."

"Ṣé kí n padà wá tó bá ṣe díẹ̀?"

"Padà wá lọ́dún tó ń bọ̀."

Ọwọ́ ń yún Ìyá Ilé láti tú bọ́tìnnì ẹ̀wù Bàbá. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, Tíṣà ń wúkọ́ bí ẹni tí egungun ẹja há lọ́fun. Ìyá Ilé ká aṣọ ìnura, ó mú ìwé àkọsílẹ̀, ó kọ ọ́ pé: "Bàbá kọ ìwẹ̀ ní agogo mẹ́sàn-án. Ara rẹ̀ le. Màá tún bi í." Ló bá gbé omi rẹ̀ jáde.

Nígbà tí olùyẹ̀wò fi máa bá a nílé ìdáná, omi ti lé ròrò lójú rẹ̀.

"Ẹ ti yege, Mà."

"Mi ò mà wẹ̀ fún un."

"Ilé méje ni mo ti dé lọ́sẹ̀ yìí. Gbogbo wọn ló fipá wẹ àgbà wọn torí pé mo dúró tì wọ́n."

Ìyá Ilé sáré padà sí yàrá ẹ̀yìn. "Bàbá, ẹ ṣé. Ṣé Tíṣà ló kọ́ yín?"

"Kọ́ mi ní kí ni? Ìròyìn ń lọ lọ́wọ́, o fẹ́ wá da omi lé mi lórí."

Àmọ́ ọ̀rọ̀ ti ta sí gbogbo wọn létí. Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, àgbà mọ́kànlá ló kọ ìwẹ̀. "Ẹ̀tọ́ mi ni," Ìyá Arẹ́rìn-ín wí, ó sì rẹ́rìn-ín. Ìyá Ilé ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mọ́kànlá. Lọ́jọ́ kejì, ó tún kọ ọ́. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ti ń ṣí fèrèsé fúnra wọn, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ jókòó ti ẹnì kejì rẹ̀.

Tíṣà ló kọ́kọ́ yí àga onítáyà rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà Ìyá Ilé, tòun ti aṣọ ìnura lọ́rùn.

"Ṣé ẹ gbà kí n wẹ̀ fún yín, Tíṣà?"

"Mo gbà."

Ìyá Ilé na ìwé àti bírò sí i. "Ẹ bá mi fọwọ́ sí i níbí."