Bọ́ọ̀sì Ọyáyẹmí Tó Ń Mu Ọ́ìlì

"Bàbá, ẹ dákun, ẹ má tíì lọ ra ẹ́ńjìnnì kankan!"

Lubabah ò mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀gá Abdulbaqi, tó fi ọdún márùn-ún kọ́ ọ níṣẹ́ mẹkáníìkì, tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí Bàbá pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀, yí ojú padà wò ó. Iwájú ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá ní Adigbe ni wọ́n dúró sí. Ti Lubabah, tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta tó ṣí i, ló wà ní òdìkejì títì.

"Kí lo rí tí èmi ò rí?"

"Mi ò tíì rí nǹkan kan, sà. A ò tíì yẹ̀ ẹ́ wò ni."

Bàbá Ọyáyẹmí wo Ọ̀gá, ó tún wo ọmọbìnrin náà. Àgbẹ̀ ni, láti abúlé kan lẹ́yìn Ọ̀dẹ̀dá, bọ́ọ̀sì rẹ̀ nìkan sì ni ọkọ̀ tó wà lábúlé náà. Òun ló ń kó gbágùúdá wọn lọ sọ́jà, òun náà ló ń gbé aboyún lọ sí ọsíbítù nígbà tí ìrọbí bá dé. Ọkọ̀ ọ̀hún ti rin kìlómítà tó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà irínwó, ó sì ti di ọ̀mu ọ́ìlì. Bí Bàbá bá rọ ọ́ìlì kún un lọ́jọ́ Ajé, tó bá fi máa di Ọjọ́rú, odindi lítà kan ti lọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kán kan kì í kán sílẹ̀.

"Ó ń mu ún ju bí mo ṣe ń mu omi lọ," ni Bàbá wí. "Ọyá tí mò ń sìn ló ń kó mi délé."

"Ríǹgì píṣítìn, tó yẹ kó sé ọ́ìlì mọ́lẹ̀, ló ti jẹ," ni Ọ̀gá wí. "Ọkọ̀ tó dàgbà tó báyìí, kí ni ì bá tún jẹ́? Ó dáa, Lubabah, yẹ̀ ẹ́ wò lójú mi."

Ara Lubabah yá gágá. Ó sáré sọdá títì, ó gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ dé. Ó kọ́kọ́ wọ abẹ́ ọkọ̀: ibi gbogbo gbẹ táútáú. Ó tú pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó wá fi géèjì tó ń wọn agbára píṣítìn sí ihò kìíní, ó ní kí Bàbá yí kọ́kọ́rọ́. Abẹ́rẹ́ fò dé àádọ́jọ, bí ti ẹ́ńjìnnì tó lágbára. Ihò kejì, bákan náà. Nígbà tó dé ẹ̀kẹta, abẹ́rẹ́ rọra gòkè, ó kú sí ọgọ́rin.

"Mo wí bẹ́ẹ̀!" Ọ̀gá pàtẹ́wọ́.

Lubabah ní kí Bàbá tún yí i, ó sì dẹ etí sílẹ̀. Ṣìì! Afẹ́fẹ́ ń jò níbi ọrùn géèjì. Ó yára tú u: rọ́bà rẹ̀ ló lọ́. Ó tò ó dáadáa, ó dè é pinpin.

"Bàbá, ẹ yí i!"

Àádọ́jọ! Ẹ̀kẹrin náà, àádọ́jọ!

"Ọ̀gá, ríǹgì tó ti jẹ ò lè lágbára tó báyìí!"

"Níbo wá ni ọ́ìlì ń lọ?"

Ìbéèrè tí òun náà ń bi ara rẹ̀ nìyẹn. Ó dá pọ́lọ́ọ̀gì padà, ó ní kí Bàbá sítáàtì ọkọ̀, ó wá ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń rọ ọ́ìlì sí. Fùú! Atẹ́gùn gbígbóná tú jáde, ó ta ọ́ìlì sí i lójú. Lubabah kígbe bí ẹni tó rí owó he.

"Kò ríbi mí! Ẹ́ńjìnnì yìí ò ríbi mí!"

Ó pa ọkọ̀, ó tọ ọ̀pá rọ́bà kékeré kan dé ibi fáàfù kan tí kò ju àtàǹpàkò lọ, ó fà á yọ, ó mì ín létí. Ó yẹ kó máa dún kẹ́kẹ́kẹ́ bí ẹ̀pà inú èèpo. Kẹ́kẹ́ kan ò dún. Ìdọ̀tí dúdú ti dí i pa.

"Bàbá, ibí ni ẹ́ńjìnnì ti ń mí. Nígbà tó dí, afẹ́fẹ́ inú ń fipá ti ọ́ìlì lọ síbi tí iná ń jó o."

Ọ̀gá gba fáàfù náà, ó mì ín létí tirẹ̀, ó mì ín lẹ́ẹ̀kejì. "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀," ló wí. "Pààrọ̀ rẹ̀, kí Bàbá wá lo ọkọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan ná."

Lubabah fi fáàfù tuntun sí i, ó fọ ọ̀pá rọ́bà náà, ó rọ ọ́ìlì dé àmì òkè. Láti ọjọ́ yẹn, hóònù kankan ò dún ní Adigbe kí Lubabah má bojú wòta.

Lọ́jọ́ kẹjọ, bọ́ọ̀sì náà dé, Bàbá ń fọn hóònù láti ọ̀ọ́kán.

"Mi ò rọ nǹkan kan sí i o!"

Wọ́n jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì sinmi díẹ̀. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ, ó nù ún, ó tún tì í bọ̀ ọ́, ó fà á síta. Ọ́ìlì ò fi ju ìbú èékánná lọ sọ̀kalẹ̀ kúrò ní àmì òkè. Lubabah fò sókè, Bàbá sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó lójú títì.

"Ọkọ̀ àgbà ò ní ṣàì mu díẹ̀ o," ni Ọ̀gá wí, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti gba ojú rẹ̀. Ó nawọ́ sí ọkọ̀ kan nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. "Èyí tí mo fẹ́ já ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lọ́la nìyẹn. Lubabah, jọ̀ọ́, lọ gbé géèjì rẹ wá."

Kò tíì sọ ọ́ tán tí ọmọbìnrin náà fi dé ìdajì títì.