Pátákó Tí Iná Kò Jó

Díẹ̀ ló kù kí Mọ́rìlíátù jókòó lé e. Ó ti ká ìró rẹ̀ mọ́ ìdí tán kí ojú rẹ̀ tó bọ́ sí ọwọ́ ọmọdé tó tẹ̀ sínú ọ̀dà funfun lórí bẹ́ǹṣì iwájú àtíbàbà wẹ́dà. Ó dúró gbagidi. Pátákó iwájú ọkọ̀ ni wọ́n fi ṣe bẹ́ǹṣì ọ̀hún, OGBOMOSHO–NIAMEY–AGADEZ sì ṣì hàn lára rẹ̀. Zaynab ọmọ rẹ̀ ló fọwọ́ tẹ ọ̀dà náà nígbà tí kò tíì gbẹ. Òun fúnra rẹ̀ ló fi kẹrosíìnì nu àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà, tí Làmídì ọkọ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín.

Ọdún ìbò àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ òṣèlú pọ̀ lọ jàǹtìrẹrẹ ni iná jó Làmídì mọ́ inú bọ́ọ̀sì tó ń wà, èyí tó ni pátákó yẹn. Múdàṣírù àbúrò Làmídì ló lọ wò ó lọ́nà Agadez, tó padà wá sọ pé eérú lòun bá, kò sí ohun tí èèyàn lè kó sin. Wọ́n ṣe fìdáù. Mọ́rìlíátù jókòó tákàbà, ó ṣọ̀fọ̀ ọkọ rẹ̀ títí ó fi pé. Lẹ́yìn náà ni Múdàṣírù ṣú u lópó, ó sì ti bímọ méjì fún un. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. Ẹni tó bá bú u níwájú Mọ́rìlíátù á gbọ́ tirẹ̀.

"Abdoulaye, níbo lo ti rí pátákó yìí?"

Wẹ́dà náà, tó ń bá a ṣe ilẹ̀kùn irin fún ṣọ́ọ̀bù Mọ́rìlíátù ní àdúgbò Maourey, kò gbójú sókè. "Agadez ni, Hàjíyà. Bàbá kan tí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ló fún mi lọ́dún tó kọjá. Ó ń lẹ táyà ní gáréèjì. Yorùbá bíi tiyín ni. Ó ní ọmọ òun ló ni ọwọ́ yẹn."

Nínú oòrùn Harobanda, àdúgbò wẹ́dà náà ní Niamey, Mọ́rìlíátù fi àtẹ́lẹwọ́ tirẹ̀ bo ọwọ́ ọmọdé náà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ṣùgbọ́n bóyá ojú ló tan Múdàṣírù. Bóyá bọ́ọ̀sì ẹlòmíràn ló jóná, ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í wo nǹkan fínnífínní. Ó di èrò yẹn mú. Ó fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ gan-an.

Múdàṣírù gbé pikọ́ọ̀pù dé láti wá kó ilẹ̀kùn. Ó bọ́ sílẹ̀, ó kí Abdoulaye, ó sì rí pátákó náà. Mọ́rìlíátù ń wo ojú rẹ̀, ó ń retí kí ẹnu yà á bó ṣe ya òun.

Múdàṣírù wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó yọjú wo inú àtíbàbà.

"Ìyá Zaynab," ó rọra wí, "ṣé Bọ̀dá ti dé Niamey ni?"

Mọ́rìlíátù kò tíì la ẹnu sọ ohun tí Abdoulaye wí fún un rárá.